Inú àyọkà ni gírámà wà: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń kọ́ni ní Yorùbá kíkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí London tàbí Houston, àti àwọn kan ní Èkó pàápàá, ló ń gbọ́ èdè yìí láìsí wàhálà. Bí ìyá wọn bá ní kí wọ́n lọ gbé omi wá nínú fíríìjì, wọ́n á gbé e wá. Ẹ wá fún wọn ní ojú ewé kan kí wọ́n kà, kí wọ́n tó dé ìlà kẹta, ó ti sú wọn. Ohun tí òbí tàbí olùkọ́ sábà máa ń ṣe ni pé á lọ ra ìwé gírámà, á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí oríṣi ọ̀rọ̀-orúkọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ náà ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà àti aláìṣeékà, kò sì tíì lè ka ojú ewé yẹn.

Ọ̀nà tí a fẹ́ fi hàn níbí yàtọ̀ sí ìyẹn. Àyọkà kúkúrú ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí òye rẹ̀ bá ti já, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti kọ́ ọ ní gírámà, ìwọ̀nba èyí tó máa jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Ìyókù lè dúró di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìṣòro wà

Ní 1986, Philip Gough àti William Tunmer, àwọn méjì tó ń ṣèwádìí nípa ìwé kíkà, sọ pé ohun méjì ló ń di òye ìwé kíkà: agbára láti pe ohun tí a kọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, àti òye èdè náà nígbà tí a bá gbọ́ ọ létí. Wọ́n ní ìsọdipúpọ̀ ni ká fi ṣe é, kì í ṣe àròpọ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ òdo, òdo ni èsì, bó ti wù kí èkejì pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dé gongo fi lè máa wo ìwé Yorùbá bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ wá àyọkà méjì tí wọn ò le ju ara wọn lọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 100 ọ̀rọ̀. Ẹ ka ti àkọ́kọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ létí, kí ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, kí òun fúnra rẹ̀ ka èkejì, kí ẹ sì tún bi í ní márùn-ún. Bí ó bá gba mẹ́rin nínú èyí tó gbọ́, tó sì gba ọ̀kan péré nínú èyí tó kà, lẹ́tà, àmì ohùn àti ìpàjẹ (pípa fáwẹ́lì jẹ tí ọ̀rọ̀ méjì fi ń di ọ̀kan, bí i “ní ọjọ́” tó ń di “lọ́jọ́”) ló ń dà á láàmú. Ẹ má fi gírámà gbólóhùn yọ ọ́ lẹ́nu. Bí méjèèjì bá burú, ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn gan-an ni kò tíì mọ̀. Irú ẹnì kẹta wà, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti àgbà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí: á pe gbogbo rẹ̀ dáadáa, ohùn á gún, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹni tó ṣe kí ni fún ta ni. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fo ìgbésẹ̀ àmì ohùn àti ìpàjẹ ní ìsàlẹ̀ yìí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀-ìṣe.

Yíyan àyọkà

Ọ̀rọ̀ 80 sí 120 tó. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Bó bá ju márùn-ún lọ nínú 100, àyọkà náà ti le jù fún ẹ̀kọ́ gírámà, nítorí wíwá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ló máa gba gbogbo àkókò. Ní ti ìwé tí yóò máa kà fúnra rẹ̀ láìsí olùkọ́, ìwọ̀n tí Paul Nation àti àwọn tó ń ṣèwádìí nípa kíkà èdè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń mú wá ni 98 nínú 100, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ méjì péré ni kó ṣàjèjì. A ò rí ìdí tí ti Yorùbá ò fi ní rí bẹ́ẹ̀.

Àyọkà náà gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn. Ọ̀nà kíákíá láti mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ mọ àkọtọ́ ni pé kí ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ẹ bá rí “mo rí i” àti “mo rà á”, iṣẹ́ gidi ni. Bó bá jẹ́ “mo ri” àti “mo ra” ló kọ, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí fáwẹ́lì kan ṣoṣo tó gbé jù sọnù yẹn jẹ́ odindi ènìyàn tàbí odindi nǹkan nínú ìtàn.

Ẹ yan ìtàn tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ẹ jìnnà sí oríkì, ìjálá àti àyọkà tí òwe kún inú rẹ̀. Gírámà nìkan ò lè tú wọn, wọ́n á sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé kíkà Yorùbá ju agbára òun lọ.

Àyọkà tí a ó lò nìyí:

“Ìyá Bọ́lá kì í ta gaàrí lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Ìbàdàn pè é láti sọ fún un pé òun ń bọ̀ wá kó àpò mẹ́rin. Ìyá Bọ́lá jí ní kùtùkùtù, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọn gaàrí sínú àpò. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ẹni tó ń retí kò tíì dé. Oníbàárà kan tó ti ń wá gaàrí kiri yà síbẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ta méjì fún òun nínú rẹ̀. Ó kọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ni àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè pé mọ́tò òun ló bàjẹ́ lọ́nà. Ká ní ó tètè pè ni, Ìyá Bọ́lá ì bá ti tà á.”

Ìgbésẹ̀ kìíní: etí ṣáájú ojú

Ẹ ka àyọkà náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ìka tẹ̀ lé e lórí ìwé. Ẹ má dúró ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ ohun tó gbọ́ ní gbólóhùn méjì, ní èdè tó bá wù ú. Ẹ máa rí i pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá nílé á ti mú ìdajì ìtàn náà, òye yẹn sì ni a ó fi gbé kíkà rẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ mú gbólóhùn méjì péré, kí ẹ jọ fi dò, re, mí pè é láìpe ọ̀rọ̀. Gbogbo àyọkà kọ́. Ó máa ń súni. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú kúrò níbẹ̀ ni pé fáwẹ́lì tí kò ní àmì, ohùn re ló ní, kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé rẹ̀. Àwọn tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá máa ń ka àmì náà sí ọ̀ṣọ́, wọ́n á máa fojú fò ó, wọ́n á wá ka ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ kejì: títú ìpàjẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ ìwé atúmọ̀ nù. Wọ́n wá “lọ́jọ́”, wọn ò rí i. Wọ́n wá “sínú”, bákan náà. Ẹ kọ́ wọn láti tú ọ̀rọ̀ padà: lọ́jọ́ jẹ́ ní ọjọ́, sínú jẹ́ sí inú, tó jẹ́ tí ó, kó jẹ́ kí ó, ló jẹ́ ni ó. Òfin kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n há níbẹ̀: “ní” máa ń di l bí fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e kò bá jẹ́ i. Ní ọ̀nà di lọ́nà, ní owó di lówó, ṣùgbọ́n ní ilé á ṣì jẹ́ nílé.

Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ tún nìyí, àwọn olùkọ́ kì í sábà sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ (ẹni tàbí ohun tí iṣẹ́ náà ṣẹlẹ̀ sí), àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ á kúrò. Rà di “ra iṣu”, kà di “ka ìwé”, tà di “ta gaàrí”. Nínú àyọkà wa, “wọn gaàrí” ti wá láti inú wọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ òfin yìí á lọ wá “wọn” láìlámì, á bá wọ́n tó túmọ̀ sí àwọn ènìyàn, á tún bá wọ́n tó túmọ̀ sí pé nǹkan gbówó lórí, á wá kọ ọ́ pé gaàrí wọ́n. “Ta gaàrí” ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àyọkà náà; ní ìparí rẹ̀, “tà á”, àmì ìsàlẹ̀ náà padà wá nítorí pé arọ́pò-orúkọ (ọ̀rọ̀ tó ń dúró fún ọ̀rọ̀-orúkọ) ló tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìrísí méjì, nínú àyọkà kan ṣoṣo.

Ohun kékeré kan lórí ìwé atúmọ̀: ẹ lẹ ètò lẹ́tà mọ́ èèpo ìwé akẹ́kọ̀ọ́ náà. Lẹ́tà 25 ni, ẹ tẹ̀ lé e, gb tẹ̀ lé g, ọ tẹ̀ lé o, ṣ tẹ̀ lé s. Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ lábẹ́ o á wá a tì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀rọ̀-ìṣe àti ohun tó wà níwájú rẹ̀

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bírò yí gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe po. Nínú àyọkà wa, ó lé ní 20. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ṣáájú wọn, nítorí àwọn ló ń sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti bóyá ó ṣẹlẹ̀ rárá.

Jí, ṣí àti wọn kò ní nǹkan kan níwájú. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ́ iṣẹ́ ṣíṣe, tí kò sì ní nǹkan kan níwájú, ohun tó ti kọjá ló ń sọ. Ẹ ṣọ́ra o, kò rí bẹ́ẹ̀ fún mọ̀, fẹ́, gbọ́n àti irú wọn: “Adé mọ ilé wa” jẹ́ ti ìsinsìnyí. “Ń gbé” ń bá a lọ. “Ti ń wá” ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù, kò sì tíì parí.

Ní ti ìyísódì, ìyẹn sísọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀, mẹ́ta ló ṣe pàtàkì. “Kì í ta” jẹ́ àṣà: kì í ṣe é rárá. “Kò ta” jẹ́ ọjọ́ kan pàtó. “Kò tíì dé” fi àyè sílẹ̀ pé ó ṣì lè dé. Ẹni tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ máa kùnà ìbéèrè tó dára jù nínú àyọkà yìí, a ó dé ibẹ̀.

Pàkúté méjì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́ gírámà nínú àtẹ nìkan. Èkíní ni “Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán”. Àtẹ á sọ fún un pé “yóò” jẹ́ ti ọjọ́ iwájú, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán náà ti kọjá. Ẹ kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀ lódindi, “nígbà tí yóò fi”, ẹ má tú u. Èkejì ni “ì bá ti tà á”. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni “ì bá” máa ń sọ. Gbogbo ẹni tó bá dáhùn pé Ìyá Bọ́lá ta gaàrí náà, “ti tà á” ló rí, kò rí “ì bá”.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó tò tẹ̀ lé ara wọn. “Ń bọ̀ wá kó” jẹ́ mẹ́ta lábẹ́ olùwà (ẹni tó ń ṣe é) kan ṣoṣo, “òun”. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá “àti” láàárín wọn kò ní rí i, nítorí Yorùbá kì í fi “àti” so ọ̀rọ̀-ìṣe pọ̀. “Sì” ni a máa ń lò, bí i “ó sì wọn gaàrí”, tàbí ká tò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Wá fara balẹ̀ wo “wá” méjì tó wà nínú àyọkà náà: “bọ̀ wá kó àpò” àti “wá gaàrí kiri”. Lẹ́tà kan náà, ohùn kan náà. Àmì ohùn ò lè yà wọ́n. Ohun tó tẹ̀ lé wọn ló yà wọ́n: ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀ lé èkejì, kiri sì jókòó sẹ́yìn. “Kó” náà ṣe irú rẹ̀. Kó nínú “kó àpò” jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Kó nínú “pé kó ta” jẹ́ kí ó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi yín léèrè ohun tí gírámà ń ṣe nínú kíkà, ẹ fi gbólóhùn mẹ́rin yìí hàn án.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là kò pọ̀ níbí, ṣùgbọ́n yóò yọjú nínú àyọkà tó tẹ̀ lé e. “Ó bà mí nínú jẹ́”, “wọ́n tàn án jẹ”, “mo gbà á gbọ́”: apá kan wà níwájú àbọ̀, apá kejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àbọ̀ bá dá ọ̀rọ̀-ìṣe kan dúró, tí ohun kan tó jọ ọ̀rọ̀-ìṣe sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ so méjèèjì pọ̀ kó tó lọ wo ìwé atúmọ̀. Bàjẹ́ ni kó wá, kì í ṣe bà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ni “ó”, ta ni “òun”?

Bí àkókò bá há yín, ẹ fi ìgbésẹ̀ mìíràn sílẹ̀, ẹ má fi èyí sílẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ọfà láti orí arọ́pò-orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ sórí ẹni tàbí ohun tó dúró fún.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé ó dá àbọ̀ ẹnìkẹta ẹyọ mọ̀. Fáwẹ́lì tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ni arọ́pò-orúkọ yìí máa ń tún pè. Ohùn rẹ̀ á wà lókè bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá wà ní ìsàlẹ̀ tàbí àárín, á sì wà ní àárín bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá wà lókè: rà á, jẹ ẹ́, rí i. Nínú àyọkà wa, “pè é” àti “bẹ̀ ẹ́” jẹ́ Ìyá Bọ́lá, “tà á” jẹ́ gaàrí, “fún un” náà jẹ́ Ìyá Bọ́lá.

“Òun” ló wà níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lẹ́yìn “pé”, “òun” máa ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. “Adé sọ pé òun ń bọ̀”: Adé fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀. “Adé sọ pé ó ń bọ̀”: ẹlòmíràn ni a sábà máa ń gbà pé ó ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìyàtọ̀ yìí, torí náà ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo “ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ta méjì fún òun nínú rẹ̀”. “Ó” jẹ́ oníbàárà, “ẹ́” jẹ́ Ìyá Bọ́lá, “ó” inú “kó” jẹ́ Ìyá Bọ́lá, “òun” jẹ́ oníbàárà, “rẹ̀” jẹ́ gaàrí. Arọ́pò-orúkọ márùn-ún nínú ọ̀rọ̀ 11. Bí ọfà márààrún bá tọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti ń kàwé.

“Ẹni tó ń retí” ṣòro ju bó ti rí lójú lọ. Ẹni tí ó ń retí: ta ló ń retí ta ni? Retí gbọ́dọ̀ ní àbọ̀, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà “ẹni” ni àbọ̀ tí wọ́n gbé wá síwájú, “ó” inú “tó” sì jẹ́ Ìyá Bọ́lá. Bó bá jẹ́ pé “ẹni tó ń retí rẹ̀” ni, ọ̀rọ̀ á yí padà: ẹlòmíràn ló ń retí Ìyá Bọ́lá.

“Ó kọ̀” kò ní àmì gírámà kankan tó fi hàn pé a ti yí láti ọ̀dọ̀ oníbàárà sí Ìyá Bọ́lá. Ẹni tí a bẹ̀ ló lè kọ̀. Ọgbọ́n orí ló tú u. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé irú rẹ̀ wà, kí ó má bàa máa wá òfin níbi tí kò sí.

Ohun kan tún wà tí arọ́pò-orúkọ wa kì í sọ: akọ tàbí abo. Kò sí ibi kankan nínú àyọkà yìí tó sọ bóyá ọkùnrin ni àbúrò náà tàbí obìnrin. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi àyọkà náà sínú ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ náà lè yan ọ̀kan fún un láìbi í. Ìdí kan nìyẹn tí a kì í fi gbà kí wọ́n lo ẹ̀rọ kí ọfà tó parí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìbéèrè

Yorùbá ni kí ẹ fi béèrè, odindi gbólóhùn ni kí ó fi dáhùn. Márùn-ún tó, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ irú kan náà.

“Àpò mélòó ni àbúrò Ìyá Bọ́lá fẹ́ kó?” Ìdáhùn wà nílẹ̀ gbalaja, ẹ bi ọ̀kan péré nínú irú èyí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè da gbólóhùn kọ láti inú ìwé láìmọ ohun tó ń sọ. Bí ẹ bá fura bẹ́ẹ̀, ẹ yí ìbéèrè padà débi tí dídà á kọ ò fi ní bá a mu: “Ta ló kọ̀ láti ta gaàrí fún ta ni?”

“Ṣé wọ́n ra gaàrí kankan lọ́wọ́ Ìyá Bọ́lá lọ́jọ́ náà?” “Ì bá” ló ń wá. “Mọ́tò ta ló bàjẹ́?” “Òun” ló ń wá. Gbogbo ìbéèrè tí ẹ bá kọ, ẹ mọ ohun gírámà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nínú ìwé tiyín. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kùnà, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa kọ́ ọ lọ́jọ́ kejì.

Èyí tó dára jù lọ nìyí: “Ọjọ́ wo ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀?” Àyọkà kò dárúkọ ọjọ́ náà. Ó ní Ìyá Bọ́lá kì í ta gaàrí lọ́jọ́ Àìkú, ó wá ní “Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá”. “Kì í” ti fi àṣà lélẹ̀, “ṣùgbọ́n” sì ti já a. Ọjọ́ Àìkú ni. Ẹni tó bá ka “kì í” bí ẹni ka “kò” máa sọ pé àyọkà kò sọ.

Ẹ fi ọ̀kan tí àyọkà kò sọ ní tòótọ́ kún un: “Ṣé ọkùnrin ni àbúrò náà?” Ìdáhùn tó tọ́ ni pé kò hàn nínú àyọkà. Àwọn tó ń múra ìdánwò WAEC máa ń bẹ̀rù láti kọ irú ìdáhùn yìí. Ó sàn kí wọ́n kọ́ láti mọ̀ ọ́n ju kí wọ́n máa pilẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí ó tún ìtàn náà sọ láti ẹnu ẹlòmíràn

Ní ọjọ́ kejì, láìwo ìwé, kí ó sọ ọ́ bí ẹni pé oníbàárà ló ń sọ̀rọ̀: “Mo ti ń wá gaàrí kiri. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bọ́lá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ta méjì fún mi.” Ẹ máa rí i pé “òun” máa ń dúró síbi tí “mi” yẹ kó wà, àwọn kan á sì kọ “mo kò rí” dípò “n kò rí”. Ẹ tún lè ní kó sọ ọ́ bí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú: jí á di máa ń jí, kò tíì dé á di kì í tíì dé.

Àṣìṣe tó ba ìtumọ̀ jẹ́ nìkan ni kí ẹ tún ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá gbàgbé àmì kan lórí gaàrí, ẹ fi sílẹ̀ di ìparí. Bí ó bá fi “ó” sípò “òun”, ẹ dá a dúró.

Ìwọ̀n àti ètò

Ìṣẹ́jú 40, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé. Àyọkà kan á gba ìjókòó méjì: ìgbésẹ̀ kìíní títí dé ìkẹta lọ́jọ́ kan, ìyókù lọ́jọ́ kejì. Ìjókòó kẹta jẹ́ ti kíkà lásán, nǹkan tó rọrùn, láìsí ìbéèrè.

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun gírámà tó wà nínú àyọkà wa lé ní mẹ́wàá, ọ̀kan tuntun péré ni kí ẹ ṣàlàyé délẹ̀ nínú àyọkà kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù, ẹ sọ ìtumọ̀ wọn, kí ẹ kọjá. Ètò tí a máa ń fẹ́ ni kí ìpàjẹ ṣáájú, kí arọ́pò-orúkọ àbọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kò, kì í àti kò tíì, lẹ́yìn náà òun, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀-ìṣe tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Ì bá lè gbẹ̀yìn. Orúkọ gírámà, bí i ẹlẹ́là àti alátẹnumọ́, kó dúró títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi pàdé nǹkan náà nínú àyọkà mẹ́ta. Ẹni tí kò ní ṣe ìdánwò lè máà nílò rẹ̀ láéláé.

Kó ní ìwé kan tó pín sí ọ̀nà mẹ́ta: gbólóhùn tó dí i lọ́nà, ohun tó rò pé ó túmọ̀ sí, àti ohun tó túmọ̀ sí gan-an pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fà á. Lẹ́yìn àyọkà mẹ́jọ, ẹ ka ọ̀nà kẹta láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá yọjú lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tí ẹ máa kọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Nígbà tó bá kúrò lórí àyọkà kúkúrú

Ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì dùn láti kà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní àmì ohùn tó pé. Ẹ má fún akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó lè fi àmì sí gbólóhùn mẹ́wàá fúnra rẹ̀ láìṣì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Àmì fífi sí ìròyìn aláìlámì pàápàá jẹ́ ìdánrawò tó dára, nítorí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá “tí” ni tàbí “ti”, “ni” tàbí “ní”, láìkọ́kọ́ lóye gbólóhùn náà.

Bíbélì Mímọ́ wúlò nítorí pé nọ́ńbà ẹsẹ jẹ́ kó rọrùn láti fi wé èdè mìíràn, ẹsẹ sí ẹsẹ. Ìwé Máàkù ló yá jù láti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọtọ́ àtijọ́ ló wà nínú àwọn ẹ̀dà tó pẹ́: nwọn fún wọ́n, enia fún ènìyàn, aiye fún ayé, obirin fún obìnrin, on fún òun. Ìlànà tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974 ló gbé ti ìsinsìnyí kalẹ̀. Ẹ kọ bí ogún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé fún un. “On” nìkan tó láti da ìgbésẹ̀ kẹrin rú fún ẹni tí kò mọ̀ pé “òun” ni.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti orílẹ̀-èdè Benin wá á bá ɛ níbi tí a ti ń kọ ẹ, ɔ níbi tí a ti ń kọ ọ, sh dípò ṣ, àti kp dípò p. Gírámà ibẹ̀ kò yàtọ̀ débi tí àyọkà á fi ṣòro. Ìjókòó kan tó láti mọ lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì máa bá ọfà rẹ̀ lọ.